Ọtí Inú Àkàrà Òyìnbó Hàwáwù

Ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ pé Hàwáwù ọmọ Ìdúmàgbò da ọtí sínú àkàrà òyìnbó tó ṣe fún bàbá ọkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró lónìí. Irọ́ ni. Èmi Ìbíyínká, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí a jọ ń pín gúgúrú jẹ, èmi ni mo dà á. Ara mi le, ikú ò sì kan ilẹ̀kùn mi. Irọ́ náà ló wọ̀ mí lọ́rùn ni mo ṣe ń jẹ́wọ́.

Ìfẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí ohun tí mò ń pè ní ìfẹ́ nígbà náà. Lafiaji ni ilé wa. Màmá mi ni àwọn ọmọ Sàró máa ń bẹ̀ fún kéèkì ìgbéyàwó, bí mo bá sì ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà fún un, ìwé ìtàn ìfẹ́ kékeré kan a wà lórí itan mi. Nínú àwọn ìwé yẹn, ọkùnrin tó bá bò ọ́ lábẹ́ agbòòrùn lọ́jọ́ òjò, ọkọ rẹ ni. Lọ́jọ́ kan, Mọ̀núrù, akọ̀wé lọ́ọ́yà kan ní Igbosere, fi agbòòrùn rẹ̀ sìn mí láti iwájú kóòtù títí dé ilé wa. Lójú tèmi, ìgbéyàwó ti parí nìyẹn, ó ku aṣọ rírán. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti wá bi mí pé, “Yínká, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, Hàwáwù, ṣé ẹnì kan ti ń bá a sọ̀rọ̀ ọkọ?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Rárá o, lọ gbìyànjú.” Ṣùgbọ́n nǹkan kan jó mi láyà bí ẹni fọwọ́ kan irin gbígbóná.

Wọ́n fẹ́ra wọn sọ́nà. Jíbrílù, bàbá Mọ̀núrù tó ń ta aṣọ, lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì ní tó bá dé ni wọn yóò so yìgì. Ni Hàwáwù bá wá sí ilé wa. “Yínká, mo fẹ́ kí ohun tí Bàbá máa kọ́kọ́ jẹ lọ́wọ́ mi jẹ́ àkàrà òyìnbó tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Kò gbọdọ̀ ní ọtí o! A ò sì mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú máa gbé wọn dé. Báwo ni mo ṣe máa pa á mọ́ tí kò ní bu?”

Màmá mi ló dá a lóhùn. “Ọmọ mi, omi èso ọsàn ni kó o fi rẹ rẹ́sínì rẹ, èso àjàrà gbígbẹ yẹn. Tó o bá yan án tán, má kánjú. Ẹni tó bá de kéèkì gbígbóná mọ́nú agolo, oru ló dè mọ́ ọn, ọ̀la ló máa bu. Jẹ́ kó tutù délẹ̀délẹ̀. Fi bébà tí wọ́n fi ń wé bọ́tà wé e lẹ́ẹ̀mejì, kó o tó gbé e sínú agolo bisikíìtì tó gbẹ. Má gbé e sínú àpótí aṣọ o, àfi tó o bá fẹ́ kí àna ẹ jẹ kàfúrà! Kó o sì ti ẹsẹ̀ tábìlì bọ agolo omi, nítorí èèrà ò mọ ìwẹ̀ odò.”

Hàwáwù ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àsìkò òjò ni, ògiri ilé pàápàá ń làágùn. Mò ń lọ sí Ìdúmàgbò bí ẹni ń bá a tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà ọkàn mi ni pé kó bu. Ẹ wo irú ọ̀rẹ́! Kò bu. Òun á ṣí agolo náà jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ṣí aṣọ lójú ìkókó, òórùn ọsàn á gba yàrá. Mọ̀núrù bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ bò ó dáadáa o, kí òtútù má mú àkàrà yìí tó ti di ìyáálé Hàwáwù!” Hàwáwù fi ìbòrí rẹ̀ nà án léjìká. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n gbàgbé pé mo wà níbẹ̀. Mo ka èèpo ọsàn tó wà nílẹ̀ kí n má bàa sunkún.

Nígbà tí mo tún lọ sí Ìdúmàgbò, ìgò lọ́fínńdà kan wà nínú báàgì mi. Ọtí búrándì Màmá mi ló wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń pa kéèkì mọ́ nílé wa nìyẹn: a ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ lu abẹ́ rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, a ó kán búrándì sí i díẹ̀díẹ̀. Mo dúró di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrí. Hàwáwù tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi nínú yàrá kan náà. Ó tẹ̀ba, mo ṣí agolo. Ó forí kanlẹ̀, mo ń kán ọtí. Nígbà tó fi máa sálámà sí ọ̀tún àti sí òsì, agolo ti padé. Ó ká ẹní rẹ̀, ó ní, “Mo ṣàdúà fún ìwọ náà o, kí Ọlọ́run fún ẹ lọ́kọ gidi.”

Mo ṣe àmín. Mo sì tún padà lọ kán òmíràn sí i lọ́jọ́ mìíràn. Òórùn ọsàn bo ti ọtí, Hàwáwù kò sì gbóòórùn búrándì rí.

Bàbá Mọ̀núrù dé, ó ti di Àlàájì. Ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó kún. Hàwáwù kúnlẹ̀, ó gbé àwo fún un. Bàbá bù ú jẹ, ojú rẹ̀ tàn. “Nínú òjò yìí? Ó ṣì rọ̀ báyìí! Ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ dára.” Ó tún bù ú. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnu rẹ̀ dúró. Ó tu ú sínú áńkáṣíìfù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀: “Mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, ní èbúté ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń mutí kí n tó ronú pìwà dà. Mo mọ òórùn yìí. Ta ló fi ọtí kí mi káàbọ̀ láti Mẹ́kà?”

“Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fi nǹkan kan sí i!” Hàwáwù ló pariwo bẹ́ẹ̀. Mọ̀núrù yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. “Yínká, ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Ṣé kéèkì lè ní irú òórùn yìí fúnra ẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là. Ohun tí mo sọ ni pé, “Kò lè ṣe é. Ọtí làwa fi ń pa tiwa mọ́. Mo sọ ọ́ fún Hàwáwù rí, mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe é.” Ẹ̀yin ènìyàn, dída ọtí náà burú, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ló burú jù. Ọtí Màmá mi ni mo dà sínú agolo. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo dà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Wọ́n dá ẹrù ìdána padà. Àwọn ọmọdé Ìdúmàgbò sọ ọ́ ní “Ìyàwó Ọlọ́tí.” Mọ̀núrù ń wá sí pálọ̀ wa, bí mo ti ń retí látọjọ́ yìí, mo sì wọ aṣọ tó dára jù lọ dè é. Tó bá jókòó, Hàwáwù. Tó bá dìde, Hàwáwù. “Yínká, ṣé ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Mò ń jowú ẹni tí mo ti pa.

Lẹ́yìn náà ni Hàwáwù wá bá mi, ó ti rù. Ó gbé agolo kéèkì kéékèèké mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì wa. “Yínká, bá mi wò ó. Mo ti ṣe é léraléra, bí Màmá ṣe kọ́ mi. Mo ń gbóòórùn wọn láràárọ̀ bóyá omi ọsàn náà ló ń kan tó ń di ọtí. Kò di ọtí. Níbo ni mo ti ṣì í?” Kò fura sí mi fún ọjọ́ kan ṣoṣo pàápàá. Gbogbo ohun tó wà nínú yàrá yẹn ló fura sí, títí dórí ọsàn, àyàfi èmi.

Mo wólẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò nà mí. Ó kó àwọn agolo rẹ̀, ó ní, “Dìde. Èmi nìkan kọ́ lo máa sọ ọ́ fún.” Ó mú mi lọ sí iwájú Àlàájì, mo tún un sọ lójú Mọ̀núrù. Àlàájì ní, “Èmi tí mo gbé e mì láìmọ̀, Ọlọ́run á forí jì mí. Ìwọ tó o mọ̀ ńkọ́?” Mọ̀núrù kò wo ojú mi, kò sì tíì wò ó di òní.

Àlàájì ti tún fi ẹrù ìdána ránṣẹ́ sílé Hàwáwù, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì wọn. Lánàá, Hàwáwù gbé agolo bisikíìtì kan wá sí Lafiaji, àkàrà òyìnbó ìgbéyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo rò pé ó ti dárí jì mí. Ó ní, “Nu ojú ẹ nù. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Bá mi pa á mọ́ di Jímọ̀. Tó bá bàjẹ́, gbogbo Èkó á mọ ẹni tó bà á jẹ́.”

Agolo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo ti pààrọ̀ omi ẹsẹ̀ tábìlì, mo ti ní kí Màmá gbé ìgò búrándì rẹ̀ lọ sílé àǹtí mi. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bí èmi, ìwé máa ń parí síbi tí wọ́n ti gbéra wọn níyàwó. Kì í sọ ohun tí ọ̀rẹ́ ìyàwó máa ṣe nígbà tó bá délé. Ẹ wò ó fúnra yín kí ọwọ́ yín tó gbé ìgò. Hàwáwù, tí èyí bá dé ọwọ́ rẹ, mo bẹ̀ ọ́. Àkàrà òyìnbó rẹ kò ì bu.