Kílò Méjì Tí Mo Kọ Sínú Káàdì Dámilọ́lá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Tíṣà ni mí ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ilo-Awela. Bí táàmù bá ti ń parí, a máa ń kọ gíga ọmọ àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì èsì ìdánwò. Ìwọ̀n wo? Ó ti pẹ́ tí òṣùwọ̀n ilé ìwé wa ti bàjẹ́. Iye ti táàmù tó kọjá la máa ń wò, a ó fi kílò kan tàbí méjì lé e. Gbogbo wa la ń ṣe é. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Dámilọ́lá, kíláàsì mi ló wà. Ọmọ náà ń jẹun! Á jẹ tiẹ̀ tán, á tún máa wo abọ́ ẹlòmíì. Á mu omi títí, á ní òun fẹ́ tọ̀, kó tó jókòó á tún dìde. Síbẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń bọ́ nídìí, píìnì ló fi ń dè é. Èmi yìí ni mo bi í lójú gbogbo kíláàsì pé, "Ibo gan-an lò ń kó gbogbo oúnjẹ yìí sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ ń ṣe ṣíìfù ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Sàngó. Ó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí, ó dà bíi pé ọmọ yìí ń rù." Mo ṣí káàdì hàn án. Kílò méjì ló fi lé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n mú ọmọ náà lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Adó-Odò. Ó dákú síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, pé ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ìyá rẹ̀ ò gbà. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá wọn kẹ́dùn, ó na káàdì mi sókè níwájú ẹbí. "Ọmọ tó ń sanra lọ́dọ̀ mi! Ìyá ọkọ mi yìí ló fi oúnjẹ pa á." Mo wà níbẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan. Látọjọ́ náà, kò sí ọmọ-ọmọ tó tún yà sílé màmá yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, màmá náà wọkọ̀ láti Adó-Odò wá sí ilé ìwé wa. Kò gba àga tí mo fún un. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ìwọ lo wọn Dámilọ́lá. Ṣé lóòótọ́ ló ń sanra kó tó wá bá mi? Eegun ọrùn rẹ̀ ni mo rí nígbà tó dé. Àbí ojú mi ni?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó ń sanra, mà."

Ó mi orí. "A jẹ́ pé èmi ni mo pa á nìyẹn." Ó bá kúrò níwájú mi.

Káàdì táàmù yìí ló wà níwájú mi báyìí, àyè ìwọ̀n ṣì ṣófo. Bí mo bá ti mú bírò, ohùn ìyá Dámilọ́lá ni mò ń gbọ́: "Ẹ ṣé o, Àǹtí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ìyá tó gbà mí gbọ́ ni, àbí màmá tí mo sọ di apànìyàn?