Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi Kí N Tó Lé E Kúrò Lórí Pápá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n fa ìyàwó mi lé mi lọ́wọ́, mi ò sì ní ẹni tí yóò ṣíwájú mi dé ilé àna. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, wà ní Máfolúkù, ó ń jẹ, ó ń mu, ó sì ti búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé àwọn Àlàké, ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́, àfi tí mo bá jẹ́wọ́ níwájú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ òun. Irọ́ kẹ̀? Ta ló parọ́? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, nítorí àwọn ará àdúgbò ti fi iyọ̀ sí i, wọ́n ti fi ata sí i.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, òun ló tọ́ mi. Nígbà tí bàbá wa kú ní Ìkìrun, òun ló mú mi wá sí Èkó, tó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú yàrá rẹ̀, tó sì wá iṣẹ́ fún mi nílé iṣẹ́ aṣọ ní Ìsọlọ̀. Nírọ̀lẹ́, a jọ máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì lábẹ́ búkà kan ní Ṣógúnlé, ibẹ̀ ló ti kọ́ mi pé bí bọ́ọ̀lù bá kan etí tábìlì lápá ọ̀dọ̀ mi, tí ẹnikẹ́ni ò rí i, èmi fúnra mi ni kí n sọ ọ́. Ayò tí mo ti pàdánù nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ò lóǹkà! Bàbá wa ní tirẹ̀, ìjàkadì ló mọ̀, ohun tó sì máa ń sọ fún àwa méjèèjì ni pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, wọn kì í lù ú mọ́, ṣe ni wọ́n ń fà á dìde. Nígbà tí mo wá di rẹfirí, ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì yìí ni mo gbé wọ pápá.

Àfìgbà tí owó epo rọ̀bì dé. Wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n san àríàsì, owó oṣù tó ti kọjá, lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ayé ń rajà. Bọ̀ọ̀dá ra alùpùpù, ó ra rédíògíráàmù, ó di kápútẹ́nì àti alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Máfolúkù. Tí àlejò bá wá, á nawọ́ sí mi, á ní, "Ọmọ tí mò ń bọ́ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí wọra.

Nígbà tí àwọn àti Ìsọlọ̀ fẹ́ gbá àṣekágbá, mo ní kí wọ́n wá rẹfirí mìíràn. Bọ̀ọ̀dá ló yarí pé èmi ni. "Àbúrò mi ni jàre, kò séwu." Àṣìṣe mi ni pé mo gbà. Ìsọlọ̀ ti fi góòlù kan ṣíwájú nígbà tí ọmọ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, tó ń gbá iwájú fún wọn, ṣubú. Bọ̀ọ̀dá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbá a nípàá níhà. Mi ò jìnnà sí wọn ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Mo fun fèrè. Báwo ni ọmọ tí wọ́n bí ire ṣe ń na káàdì pupa sójú ẹni tó tọ́ ọ? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan iyanrìn, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ." Mo dìde, mo na káàdì. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi báyìí. Ọlọ́run rí mi, ọ̀wọ̀ ni mo fi dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín yẹn sọ, ó dùn mọ́ mi nínú. Mo rántí "ọmọ tí mò ń bọ́", ó sì dùn mọ́ mi! Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mo sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ló ti ju mátírẹ́ẹ̀sì mi síta, ó ní òun ò gbá ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní kí ló wà níbẹ̀, kí n ṣáà sọ pé ojú ló ṣì mí. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ta ni yóò bá mi tọrọ ìyàwó? Àbúrò bàbá Àlàké náà ń bèèrè pé ẹni tó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ayé, kí ni kò ní fi ojú ọmọ àwọn rí? Àlàké tó wà létí pápá lọ́jọ́ náà ló dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ojú tèmi náà ṣì mí ni?"

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n bẹ onílé ibi tí mo kó lọ kó ṣíwájú mi dé ilé àna, àbí kí n sún ọjọ́ síwájú? Ìdọ̀bálẹ̀ ò ni mí lára, n ó dọ̀bálẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá títí iyanrìn yóò fi kún etí mi. Ṣùgbọ́n ọmọ wẹ́dà yẹn ò tíì lè gbé irin títí di òní. Kí Bọ̀ọ̀dá lọ bá a nílé ní Ìsọlọ̀, kó wò ó lójú, kó sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbá a. Tó bá lè sọ ọ́, èmi náà á sọ ọ́.