Alùpùpù Eikichi Wà Lẹ́yìn Ilé Mi

Ẹ má tíì dìde, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Ohun tí dókítà sọ, ẹ ti gbọ́. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí ọ̀la ni Obon, ọdún tí àwọn òkú wa máa ń wá sílé, bẹ̀rẹ̀, ara mi kò sì gbà á mọ́. Alùpùpù tí mo fi aṣọ bò lẹ́yìn ilé, èyí tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, kì í ṣe tèmi. Ti olóògbé Eikichi, ọkọ Màmá Hatsue, ni. Mo jí i ni. Mi ò rí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Gbogbo ìlú Hamamatsu yìí ló mọ̀ pé bó ti wù kí alùpùpù àtijọ́ dógùn-ún tó, èmi Kusakabe yóò sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìyẹn ló gbé Màmá Hatsue wá sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Eikichi dùbúlẹ̀, Màmá ti ta alùpùpù náà láìsọ fún un. Ẹ̀yin náà mọ kùkúḿbà tí a máa ń ki igi bọ̀ bí ẹsẹ̀, tí a fi ń ṣe ẹṣin fún àwọn òkú wa kí wọ́n lè tètè délé ní Obon. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní Eikichi ò gun ẹṣin rí láyé ẹ̀, àfi kó já a lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Máṣíìnì ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà dè é. Ó ní kí n bá òun wá a, ó sì mọ nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀ sórí. Ó tún sọ àmì kan fún mi: táǹkì epo rẹ̀ tẹ̀ wọnú lápá òsì, torí Eikichi gùn ún ṣubú níwájú ilé bàbá Màmá lọ́jọ́ tó wá tọrọ Màmá fún aya.

Mo rí i nínú abà àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Mo tẹ́ bébà lé irin rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù ra á títí nọ́ḿbà fi hàn. Mo fọwọ́ pa táǹkì, ọwọ́ mi sì wọ ibi tó tẹ̀ náà. Òun ni. Ṣùgbọ́n irú ẹ́ńjìnnì yẹn kò pọ̀ nílé ayé mọ́, láti kékeré ni mo sì ti ń wá a. Ọ̀kánjúà baba àrùn. Èyí tó ń pa mí lọ yìí, ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé mi. Mo wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ́pọ̀, mo pa nọ́ḿbà tirẹ̀ rẹ́, mo fi òòlù tẹ nọ́ḿbà Eikichi sí i, mo kùn ún títí ó fi ń dán.

Nígbà tí Màmá dé, táǹkì ló kọ́kọ́ fọwọ́ pa. Ó pa á, ó tún pa á. "Ọ̀gá, ibi tó tẹ̀ ńkọ́?" Mo ní, "Mo ti bá yín nà án, Màmá. Ó ti di tuntun." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Èmi ni mi ò sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀." Ó sì tẹríba fún èmi olè.

Obon kọjá, ó padà wá. Ó ní òun tan iná sẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ òun lè rí ọ̀nà wálé, òun dúró ti máṣíìnì náà, ṣùgbọ́n ilé dá páropáro, kò jọ ilé tí ẹnikẹ́ni wọ̀. Ó bi mí bóyá òun ló ṣe ohun tí kò dáa. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jẹ́wọ́. Ohun tí mo sọ fún opó náà rèé: "Bóyá inú ló ń bí ọkọ yín, Màmá. Ẹ ta máṣíìnì wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè."

Olè jíjà kò tó ìyẹn. Láti ìgbà náà, Obon kan kò kọjá kí obìnrin náà má kúnlẹ̀ níwájú irin tí mo fi tàn án, kó máa bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó dárí ji òun. Mo ń rí i láti ojú títì, mo sì ń yára kọjá.

Màmá kú ní oṣù kẹrin ọdún yìí. Obon rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn òkú lọ̀la. Àwọn méjèèjì ti pàdé. Eikichi ti sọ fún un pé òun kò bínú rí, pé ohun tí òun yóò gùn wálé ni òun kò rí. Màmá ti mọ gbogbo rẹ̀ báyìí. Mi ò lè sùn, mi ò lè jókòó.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Chizuru ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Kò bú mi, kò sì dárí jì mí; ó kàn ní kí n dá a padà. Ẹ bá mi tì í lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ni mo ti tún ṣe, àfi táǹkì yẹn tí mo gbé òòlù sí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ mi kọ̀ láti lù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó na ohunkóhun tọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá, kí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kọjú sí títì. Ẹ má nù ún. Ibi tó tẹ̀ yẹn ni Màmá máa kọ́kọ́ fọwọ́ pa.