Àmín Tí Mo Ṣe sí Bátìrì Ọkọ̀

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi lónìí, Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rín yẹn mọ́ fún àwọn oníbàárà yín! Ẹ̀rín yìí kan náà lẹ rín lọ́jọ́ tí ẹ ta ọkọ̀ oníná yìí fún mi. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní tí bátìrì rẹ̀ bá wá ń dín kù ńkọ́, ẹ gbá orí ọkọ̀ pẹ̀ẹ́, ẹ ní, "Ìyàwó wa, wáráńtì ọdún mẹ́jọ ló ní, ẹ ó lò ó gbó!" Èmi náà ní, "Àmín, lórúkọ Jésù!" Ó parí. Ṣé ẹni tó ti ṣe àmín tún máa ń bèèrè ìbéèrè ni?

Háà! Mo rò pé àdúrà lẹ gbà fún mi. Mi ò mọ̀ pé wáráńtì gan-an lẹ kà sí mi létí!

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán. Ilé àtúnṣe tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yín yìí ni mo ti ń bọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì yín, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dọ̀tí yẹn, ó wa ọkọ̀ wọlé, ó fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀ wàrà, ó ní kí n dúró síta. Kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ mi ṣe tí ojú mi ò gbọ́dọ̀ tó? Ìgbà tó máa jáde, ó ní agbára bátìrì ku ìdá mọ́kànléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, pé àfi tó bá wọ abẹ́ àádọ́rin kí ọdún mẹ́jọ tó pé ni wáráńtì tó lè dá sí i. Mọ́kànléláàádọ́rin! Kò jẹ́ ọgọ́rin, kò jẹ́ ọgọ́ta, ibi tó máa dára fún wọn gẹ́lẹ́ ló lọ dúró sí. Ta ló wọ̀n ọ́n? Àwọn. Ẹ̀rọ ta ni? Tiwọn. Ta ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá fi díẹ̀ kéré sí i? Àwọn náà ni! Ẹ sọ fún mi, ọkọ mi, ṣé inú mi ló burú ni?

Mo ní bátìrì yìí ti bàjẹ́. Ó ní, "Rárá mà, kò bàjẹ́ o, ó ń gbó ni." Ó ní wáráńtì wà fún èyí tó bá bàjẹ́, gbígbó ò sí níbẹ̀, àfi tó bá gbó kọjá ààlà tí wọ́n fà. Ṣé ẹ gbọ́? Gbó! Ọ̀rọ̀ ẹnu yín! Àmín tí mo fi gbogbo ọkàn ṣe ni wọ́n wá fi ń jẹ́rìí takò mí!

Ẹ má ní kí n rọra. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ẹ̀gbọ́n yín tí mo sọ yín ní Eyínfúnjowó, ìgbà wo lẹ gbóhùn mi? Mi ò sì ní búra, Ọlọ́run ò fẹ́ ká máa búra, ṣùgbọ́n Ó rí inú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹn o. Òun ò dúró síta bíi tèmi.

Ó tún wá ń bi mí léèrè, jẹ́jẹ́, bí ọlọ́pàá tó ti mọ ẹni tó fẹ́ mú. Ṣé inú oòrùn ni mo máa ń gbé ọkọ̀ sí? Ṣé mo máa ń jẹ́ kó kún dẹ́nu? Ṣé iná tó ń yára kún un ni mo ń lò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́bàá ọsibítù, torí Màmá tí mò ń gbé lọ síbẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Hẹn-ẹ́n." Hẹn-ẹ́n kí ni? Kí ló fẹ́ dì mọ́ mi lọ́wọ́, pé èmi ni mo mú un gbó?

Àti ìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ọpọlọ inú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣe! Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n tẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ní òun lè dé sì jìnnà sí i lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo dúpẹ́ títí nínú àdúrà òwúrọ̀. Ṣé ó wá dé ibẹ̀? Ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ti rẹ̀ ẹ́! Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe, ọkọ mi, wọn ò débi inú rẹ̀.

Ó tiẹ̀ ní tó bá wọ abẹ́ ààlà náà, mi ò lè rí tuntun gbà. Wọ́n á yọ díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á fi òmíràn dí i, kó ṣáà ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin. Wọ́n á kàn tì mí padà kọjá ààlà, wọ́n á juwọ́ sí mi!

Bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí yín ni mò ń gbé lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù nítorí kíndìnrín wọn. Tẹ́lẹ̀, a ó lọ, a ó bọ̀. Ní báyìí, a máa ń dúró gba iná lójú ọ̀nà tí a bá ń bọ̀, Màmá á nà sẹ́yìn ọkọ̀, wọn ò lókun, àwọn tó ń kọjá á máa yọjú wò wọ́n. Màmá á ní, "Ìyàwó mi, ṣé a ti délé ni?" Mo máa ní ó ku díẹ̀, mà.

Kí lẹ wí? Kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀, bóyá á ti wálẹ̀ sí i? Eyínfúnjowó! Ṣebí ọdún mẹ́jọ á ti pé nígbà yẹn! Ẹ̀yin náà! Àṣé ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀!

Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ rèé lórí tábìlì yín. Àga yín yìí rọ̀, mo máa jókòó sí i, mo máa ka Sáàmù mi. Màmá ti wà nínú ọkọ̀ níta, mo ti de bẹ́líìtì fún wọn, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń retí wọn. Ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn lọ lónìí, ẹ̀yin lẹ máa gbé wọn bọ̀. Tí ẹ bá dé, àwa méjèèjì á jọ lọ bá ọ̀gá yẹn, kó wọ̀n ọ́n lójú wa, nílẹ̀kùn ṣíṣí. Ẹ dìde, ọkọ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ má tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù o, bó ti wù kí ooru mú yín tó. Ẹ ò ní dé ọ̀hún.