Ta Ló Kun Yàrá Pupa Ní Àwọ̀ Ewé?

Dúró níbẹ̀! Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní kí o dúró níbẹ̀, má tíì dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ti rí ọ láti ẹnu géètì bí o ṣe ń yọ́ rìn bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò, o rò pé ariwo ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kí n gbọ́ bàtà rẹ. Mo gbọ́! Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, láti ìgbà tí o ti ń rá ni mo ti mọ bí o ṣe ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó, mi ò fi pamọ́, àmọ́ o máa gbọ́ tẹnu mi kí o tó mú un, torí ìyá tó bí èmi àti ìwọ ló jókòó sínú ọkọ̀ yẹn níta, tí wọ́n ti so bẹ́líìtì mọ́ra, tí wọ́n gbé báàgì lé itan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń sọ gíláàsì kalẹ̀ torí pé ojú wọn ò rí i mọ́.

Má sọ fún mi pé àsìkò ti lọ. Mo mọ̀ pé ó ti lọ! Mo mọ̀ pé dókítà ojú ní kí wọ́n dé kí aago méjìlá tó lù. Ta ló jẹ́ kí àsìkò lọ? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé gbé ọkọ̀ yìí wá kí n wọn agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wákàtí kan péré, o ní kò pọn dandan, o ní ètò kọ̀ǹpútà rẹ ti ṣe é.

Ètò rẹ ti ṣe é. Háà!

Wá wo ògiri yìí. Wo ìwé tí o lẹ̀ mọ́ ọn. Àtẹ agbára ẹ́ńjìnnì rẹ nìyí, yàrá kéékèèké mẹ́rìndínlógún lóròó, mẹ́rìndínlógún níbùú, gbogbo wọn ló kún fún nọ́ńbà, gbogbo wọn ló ní àwọ̀ ewé, ó tutù lójú bí oko lẹ́yìn òjò. Ka ohun tó wà nísàlẹ̀ sí mi létí. Kà á sókè! "Ẹni tó wọ̀n ọ́n", kí lo kọ síwájú ẹ̀? Orúkọ mi. Orúkọ tí bàbá wa sọ mí! Èmi ni mo wọ̀n ọ́n? Ọjọ́ wo? Ta ló bá mi di ọkọ̀ mọ́lẹ̀?

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé ọkọ̀ sórí irin róbótó tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, tí táyà á máa yí lójú kan, tí èmi á máa ka agbára tó ń jáde, tí n á máa fi péńsùlù kọ ọ́. Bí mo bá kọ nọ́ńbà sínú yàrá kan, mo ti dúró tì í, àyà mi ti gbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì náà. Ibi tí mi ò bá dé, mo fi í sílẹ̀ lófo. Òfo yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ o! Ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó ń sọ ni pé mi ò mọ̀. Ṣé ìtìjú wà nínú kí èèyàn má mọ̀ ni?

Má sọ pé mò ń jowú. Ọlọ́run ló mọ̀, tí o bá tún sọ ọ́ lónìí, màá sunkún síbí. Ta ló kọ́kọ́ yìn ọ́? Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta mi, tí mo ń ṣírò rẹ̀ ní yàrá kan tẹ̀ lé èkejì, kí n tó tún yí gbogbo ẹ̀ padà sí àtẹ kejì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tí yóò fún ẹ́ńjìnnì, o tẹ nǹkan kan, kí n tó sín tán ó ti jáde. Mo jó! Nínú ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, mo jó yí ọ ká, ojú ń tì ọ́. Nígbà yẹn, yàrá tí ètò rẹ bá fi àbá kún, pupa ni ó ń kùn ún. Mo ní ọmọ yìí gbọ́n. Mo ní ó mọ̀ pé àbá kì í ṣe òtítọ́.

Àfi ìgbà tí télọ̀ onímọ́tò funfun dé, tó wo àtẹ tirẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé èéyi ló ń ṣe ọkọ̀ mi ni?" Ọkùnrin yẹn ń ṣẹ̀fẹ̀ o! Èmi rẹ́rìn-ín. Ìwọ ò rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ, o ń fi èékánná họ etí tábìlì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí pupa mọ́ nínú àtẹ ẹnikẹ́ni. O ò bi mí. O ò sọ fún mi. O kùn ún ní àwọ̀ ewé, o sì fi orúkọ mi tì í lẹ́yìn.

Kápẹ́ẹ̀tì ló há mọ́ tòróòtù tó ń mú ọkọ̀ télọ̀ sáré? Ìyẹn náà lo tún fẹ́ sọ? Télọ̀ yẹn dá ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi kọ́kọ́rọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ, ọkùnrin tí kì í dákẹ́! Èmi ni mo tú táyà rẹ̀. Irin bíréèkì ti di aró, ìwọ náà mọ irú iná tó ń sọ irin di aró. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ ní àmì bàtà méjì. Méjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ta ló ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bíréèkì? Mo tọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń gé aṣọ, kò wo ojú mi, gbólóhùn kan ló sọ: ó ní òun ń gun òkè, òun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòróòtù, ọkọ̀ ò gbọ́.

Ọkọ̀ ò gbọ́!

Igun tó wà lókè àtẹ yẹn, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí ẹrù sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, mi ò wọ̀n ọ́n rí. Mo fi bóòtù irin róbótó tó ti tú nílẹ̀ hàn ọ́, mo fi ibi tí sìmẹ́ǹtì ti là hàn ọ́, mo ní bí mo bá gbé ọkọ̀ débẹ̀ irin yìí á fò. Torí náà mo fi í sílẹ̀ lófo. Ètò rẹ wo àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́, ó rí i pé nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀, ó ní ó dáa, kó máa lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ fúnra rẹ ti yọ tọ́bò àtijọ́ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, o fi tuntun tó ń tètè jí sínú tìrẹ! Kì í sùn níbẹ̀ mọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ń jí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wo àtẹ, á rò pé ọmọdé lòún dì mú, àgbà ìjàkadì sì ni. O máa gbé ẹsẹ̀, òun á ní òun ti dín agbára kù tó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ìwọ sì fẹ́ gbé Màmá sínú rẹ̀ gun òkè.

Kí ni? Kí n sọ fún wọn? Mo ti sọ! Láàárọ̀ yìí, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ní Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi, wọ́n ní ìjà ọmọ ìyá ni, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní bí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ tí ojú àwọn sì fọ́, àwọn ò ní dárí jì mí. Kí ni kí n ṣe? Sọ fún mi, ìwọ tó mọ ìṣirò, kí ni kí n ṣe?

Dá mi lóhùn.

Ó dáa. Mú un. Kọ́kọ́rọ́ rẹ ni, ọkọ̀ rẹ ni. Àmọ́ gba ọ̀nà etí odò. Ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, kò sí òkè kankan níbẹ̀, wákàtí kan ló fi jìn ju ọ̀nà òkè lọ. Ẹ máa pẹ́, dókítà á bínú, jẹ́ kó bínú, èmi á wá bẹ̀ ẹ́ lọ́la, èmi á dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin! Tí o bá dé ìkóríta, ọwọ́ ọ̀tún. Òkè wà lọ́wọ́ òsì. Ṣé a jọ gbọ́ra wa? Sọ "ọ̀tún" kí n gbọ́. Sọ ọ́ kí o tó jáde.

Ọ̀jọ̀gbọ́n?

Màmá, ó dàbọ̀ o! Ọlọ́run á la ojú yín. Màmá, ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn mú o. Rárá o, kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí ẹ dì í mú.

Ọ̀tún, àbúrò mi! Mo bẹ̀ ọ́, tan iná ọ̀tún! Ọ̀tún ni mo wí! Ọ̀tún!