Ohun Tó Ń Wọlé Dáadáa

Nínú takisí láti New Kru Town sí Mamba Point, nílẹ̀ òkèèrè, èmi, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin la wà lẹ́yìn, wọ́n sì ń sọ Yorùbá bíi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ níbẹ̀. Ó yẹ kí n kí wọn, ṣùgbọ́n etí ni mo tẹ́.

“Màmí, ata ilẹ̀ pupa tí ẹ ń lọ̀ kun ojú yẹn, orí awọ ló ń dúró sí.”

“Tiyín ní yunifásítì ńkọ́?”

“Èèpo akàn la fi ń ṣe é. A máa ń yọ èròjà kan lára rẹ̀, a ó sọ ọ́ di hóró tójú ò lè rí. Inú hóró yẹn la ń fi oje ata ilẹ̀ pupa sí, òun ló máa gbé e wọnú sẹ́ẹ̀lì awọ. Ó ń wọlé dáadáa.”

Ìyá fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúdú níbì kan, ó pọ́n níbòmíràn, bíi ti ẹni tí ìpara ìbóra ti ba awọ rẹ̀ jẹ́.

“Ohun tí ẹni tó ta ìpara fún mi sọ náà nìyẹn,” ó ní. “Ó ń wọlé dáadáa. Kò sì parọ́.”

Ọmọ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

“Ìdí nìyẹn tí n ò fi mú un wálé fún yín. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo la ṣì fi ń dán an wò, kì í ṣe ènìyàn.”

“Ẹ má kánjú,” ìyá ní. “Ọjọ́ tí ẹ bá mọ ohun tó ń ṣe lẹ́yìn tó bá wọlé tán, ojú mi rèé.”