Èmi Ni Mo Gé Orúkọ Bùráímọ̀ Kúrò Lẹ́sẹ̀ Àwòrán Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, inú ló ń bí mi tí mo fi mú kálámù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ kọ̀wé síbí. Ó yin ìwé àwòrán ewé àti òdòdó ilẹ̀ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó yin èmi náà, nítorí orúkọ mi ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ pé èmi ni ayàwòrán. Lẹ́yìn náà ló wá dojú kọ Bùráímọ̀. Ó ní kọ̀lékọ̀lé ni, ó ní akunpátákó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń da A àti B kọ láìmọ ohun tí wọ́n ń wí, fẹ́ já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ yunifásítì.

Mo kà á dé ìdajì, ẹ̀jẹ̀ mi ń hó. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé irọ́ ló ń pa. Ìgbà yẹn ni mo bi ara mi pé ta ló kọ́ ọ ní irọ́ náà. Èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ má kánjú dárí jì mí, n kò tíì dé ibẹ̀.

Ọmọ Sàró ni mí, ẹ̀yìn Marina ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀kọ́ nípa igi àti ewé ni mo kọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí mo jáde, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan lábẹ́ òyìnbó tó ń kó àwọn ewé ilẹ̀ wa jọ láti fi ṣe ìwé. Mo mọ orúkọ wọn ní èdè Látìn. Mo lè ka iye ewé tó wà lára òdòdó kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n n kò lè yàwòrán. Bí mo bá ya ewúro, ẹ ó rò pé tẹ̀tẹ̀ ni.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti pàdé Bùráímọ̀. Ó ń kọ pátákó fún télọ̀ kan. Òǹtajà á fi ọ̀rọ̀ èèbó ránṣẹ́ sí i lórí bébà, òun náà á dà á kọ, bí ẹni ń ya ewé ló ṣe ń ya lẹ́tà. Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, ó fa bébà kan yọ lápò, ó sì ń ya ewé kan lára igi akòko tó wà nítòsí. Mo dúró.

Kòkòrò ti jẹ ewé náà létí. Bùráímọ̀ ya ihò kòkòrò náà, ó ya etí ihò tó ti gbẹ tó di àwọ̀ ilẹ̀, ó ya iṣan ewé tó já síbẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò ṣe wá èyí tó dára yà?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Akọ̀wé, èyí tí mo rí nìyí. Ṣé kí n purọ́ mọ́ ewé ni?"

Láti ọjọ́ yẹn la ti mọra. Kì í já ewé tó bá fẹ́ yà. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, ó di ẹ̀bá igi, á jókòó tì í. Òṣíbàtà ojú omi kan wà tó gbà á ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀, nítorí òdòdó yẹn kì í dúró de oòrùn. Bó bá ti ń pa dé, Bùráímọ̀ á ní kí ọlọ́kọ̀ wa òun padà sílé. Ó di ọ̀la.

Mo sọ fún un pé ọ́fíìsì wa ń wá irú iṣẹ́ yìí, pé wọn yóò tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìgbà tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni mo rò pé mò ń sọ. Mo ra bébà gidi àti ọ̀dà fún un. Ó fún mi ní àwòrán méjìlá. Nísàlẹ̀ gbòǹgbò ewé kọ̀ọ̀kan, ó fi lẹ́tà kéwú kọ orúkọ ara rẹ̀, nítorí ilé kéwú nìkan ló lọ.

Mo fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ màmá mi gé ìsàlẹ̀ bébà méjèèjìlá. Mo sọ fún ara mi pé kí wọ́n lè bá fáìlì mu ni. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá bi mí pé orúkọ ta nìyí kí n tó mọ ohun tí n ó sọ.

Ọ̀gá òyìnbó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kò bi mí pé ta ló yà wọ́n. Ó ní ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ewé nìkan ni ojú rẹ̀ lè rí báyìí, pé èmi ni, àbí? Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni olè tí mo jà. Inú bí mi sí òyìnbó náà, ó ṣì ń bí mi títí di òní, pé ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé ojú akunpátákó kò lè ríran. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa ẹnu mi dé.

Kò pẹ́ ló ní kí n ya ọ̀kan níwájú òun. Mo ní, "Sà, èèwọ̀ ni." Mo ní nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ń ya ewé kò gbọdọ̀ yà á lójú ẹnikẹ́ni, bó bá yà á, ewé yẹn yóò gbẹ tigitigi.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ló gbọ́ irú èyí rí nínú yín? Òyìnbó náà kò jiyàn. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ká ní òótọ́ ni mo sọ, ì bá béèrè ẹlẹ́rìí. Nítorí mo pè é ní èèwọ̀, kò béèrè nǹkan kan. Ó sì ti wà nínú ìwé tí ẹ̀ ń yìn yẹn báyìí, wọ́n pè é ní àṣà Yorùbá.

Wọ́n wá pàtẹ àwọn àwòrán náà ní gbọ̀ngàn kan ní Marina, èyí tó di ọdún méjì báyìí. Àwọn èèyàn ńlá wá. Bùráímọ̀ náà wá. Oníbàárà rẹ̀ kan ló sọ fún un. Agbádá funfun tó fi ń ṣọdún Iléyá ló wọ̀, ó rò pé wọn yóò pe orúkọ òun.

Ó ń lọ láti férémù kan dé èkejì, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ wọn. Nígbà tó dé ìparí, ó yíjú padà. "Ta ló gé ẹsẹ̀ àwọn ewé mi?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó rí mi. "Akọ̀wé, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló ń wí. Èmi ni mo di ògbufọ̀. Mo ní ó ní òun ló yà wọ́n. Ọ̀gá ní ẹ̀rí wo ló ní? Bùráímọ̀ ní, "Ẹ fún mi ní bébà. Ẹ mú mi dé ìdí igi tó wà níta yẹn. Kí gbogbo yín dúró tì mí, kí ẹ máa wò mí. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ó rí ewé níbẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó sọ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lóòótọ́ láàárín àwa èèyàn yìí kò ní yà á lójú ẹlòmíràn láéláé, pé ẹni tó bá lóun fẹ́ yà á ní gbangba ti fi ara rẹ̀ hàn pé ayédèrú ni. Ó yíjú sí mi. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ tí mo fi gba ara mi là ni wọ́n fi dá olóòótọ́ lẹ́bi. Àwọn àgbà Yorùbá sì jókòó síbẹ̀ tí wọn kò gbọ́ irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn. Ńṣe ni wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Oníkálukú rò pé ìlú ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìyáàfin kan tó dé fìlà òyìnbó ní, "Bàbá, ẹ lọ kun ògiri, jàre!"

Bùráímọ̀ bi mí ohun tí òyìnbó sọ. Mo ní wọ́n ní kí ó máa lọ. Ó ní, "Ó dáa. O ṣeun." 'Ẹ' ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀, òun tó ju ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ rẹ̀ ti di olè àwòrán. Àwọn oníbàárà wá ń gba pátákó wọn. Wọ́n gba ti onígbàjámọ̀ kan nígbà tó ti ya orí tán, tó ku irun. Ògiri ló ń fi ẹfun kùn láti ìgbà náà. Èmi ńkọ́? Mò ń dìde ní ìpàdé àwọn tó ń jà fún ìjọba ara wa, mò ń pariwo pé òyìnbó ń fi orúkọ tirẹ̀ sórí ohun tí dúdú ṣe. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mò ń tẹrí ba.

Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ìwé ti jáde. Ó ní bóyá ará ilé ọkùnrin náà ló ń fi oògùn halẹ̀ mọ́ mi. Mo ní èmi ni mo dá èèwọ̀ yẹn sílẹ̀ látinú ikùn mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé ẹni tó bá tú àṣírí èèwọ̀ máa ń padà sẹ́ ẹ. Ẹ gbọ́ o! Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ìyá Bùráímọ̀ wà ní ìloro. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àga. "Akọ̀wé, jókòó. Àbí èèwọ̀ ni kí akọ̀wé jókòó lójú ẹni?"

Bùráímọ̀ jáde, ó ń fọ ẹfun lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Èèyàn mélòó la wà níbí?"

"Mẹ́ta, Bọ̀dá."

"Ọjọ́ tí o bà mí lórúkọ jẹ́, àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀?"

"Rárá, Bọ̀dá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́."

"Lọ bá àwọn yòókù."

Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ìwé náà, orúkọ mi wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ fi kálámù pa á rẹ́. Bùráímọ̀ ló ya gbogbo wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba pátákó yín lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ yín, mo mọ ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ gbé iṣẹ́ padà fún un. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní gbọ̀ngàn tẹ́ ẹ mi orí, ẹ̀yin náà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan ló kù tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo ṣe ń jáde, ìyá rẹ̀ sin mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ gbọ̀ngàn yẹn, ọmọ òun kò tíì ya ewé kan ṣoṣo. Ó ṣì ń jí lọ jókòó ti igi láàárọ̀, pẹ̀lú bébà lórí itan. Oòrùn á là, Bùráímọ̀ á dìde wálé, bébà á sì funfun bó ṣe gbé e lọ. Ó ní Bùráímọ̀ ní ojú òun ṣì ń rí wọn, ọwọ́ ló kọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ìdáríjì tèmi lè dúró. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n fi ń bẹ ọwọ́ tó bá bínú?